Gẹ̀ẹ́sì Tí Màmá Mi Lọ Kọ́ ní Greenspoint

Òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Greenspoint, ní Houston, ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá á nawọ́ sí òkìtì bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, màmá mi á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì ká a. Bí ẹnikẹ́ni bá bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì, "Fine, thank you" ni ìdáhùn wọn, ì báà jẹ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ni ẹni náà ń béèrè. Télọ̀ ni wọ́n ní Abẹ́òkúta kí n tó mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Houston. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n kà, wọ́n sì máa ń sọ pé aṣọ kì í béèrè èdè lọ́wọ́ ẹni tó ń rán an.

Nígbà tó yá, olówó kan ra òtẹ́ẹ̀lì náà, ó ní òun fẹ́ tún un kọ́, ó sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Mo bá màmá mi forúkọ sílẹ̀ fún owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà kò tó nǹkan, àmọ́ ó ń jẹ́ kí wọ́n lè ra ẹja tó wù wọ́n, kí wọ́n sì dá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì láìwo ojú mi.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Cypress, lẹ́yìn Houston, ni ilé wọn wà, Dádì Cypress ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà nínú ẹbí wa, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó Gẹ̀ẹ́sì. Tí òjò bá ṣú, àwa á ní òjò fẹ́ rọ̀. Dádì Cypress á ní "precipitation" ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n yà sí apartment wa. Wọn ò tíì jẹ ìrẹsì wọn dé ìdajì tí wọ́n fi gbé fóònù sókè.

"Ẹnìkan fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi," ni wọ́n wí. "Ó ní ó yẹ kí ìjọba ṣòfin pé àlejò tó bá ń gba owó àìríṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dá owó náà dúró. Èmi fara mọ́ ọn o. Ìyàwó wa, má bínú sí mi."

Màmá mi ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Èmi ò bínú, Bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó iṣẹ́ mi, ṣé wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ibo ló ti yàtọ̀? Owó tó ń jáde lọ́wọ́ mi gbọ́ Yorùbá. Èyí tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́ mi ló wá di olóyìnbó?"

Àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi dojú kọ abọ́ mi. Dádì Cypress rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ire rẹ ni mò ń wá. Tí ara rẹ kò bá yá ńkọ́, tí ọmọ rẹ sì wà níbi iṣẹ́? Ta ni yóò sọ ibi tó ń dùn ọ́?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Pasadena, lẹ́bàá Houston, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. A kì í mú fóònù wọ ibẹ̀, tí ọ̀nà márosẹ̀ freeway bá sì dí, ẹni tó bá ń dúró dè mí yóò sùn, yóò jí.

"Èyí tí ẹ sọ yẹn dáa," ni màmá mi wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ní kí n kọ́ ọ nítorí ara mi, mo gbọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ halẹ̀ mọ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí kíláàsì ọ̀fẹ́ kan fún wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Greenspoint. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá mi wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìdúpẹ́, wọ́n mú báágì tuntun dání, wọn ò sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn wọlé. Wọ́n ní ta ló ń mú ìyá rẹ̀ lọ sí daycare.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ti shift òru dé, mo ń sùn lọ́sàn-án, ni mo gbọ́ ohùn wọn létí mi: "¡Buenas tardes, mi hija! ¿Tienes hambre?"

Mo fò dìde. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀mí ti gbé wọn, pé èdè àjèjì ni wọ́n fi ń gbàdúrà lé mi lórí. Mo ní, "Àmín!"

"Àmín kí ni? Mo ní ṣé ebi ń pa ọ́."

"Màmá, ìyẹn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Spanish nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣé mo jọ òmùgọ̀ lójú rẹ ni? Bàbá olóyìnbó tó ń kọ́ wa, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Àwọn obìnrin tó jókòó tì mí, láti òwúrọ̀ tí a bá ti dé títí a ó fi túká, ẹnu wọn kì í dákẹ́. Èwo lo rò pé yóò wọ orí mi?"

Mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ.

Kò pẹ́ sí i, owó ìjọba náà dúró lójijì, a sì ní láti pe ọ́fíìsì wọn. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. Dádì Cypress ní kí n má ṣèyọnu, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jíire. Wọ́n wa ọkọ̀ láti Cypress wá, wọ́n jókòó, wọ́n tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà náà. Ẹ̀rọ ló gbé e. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní ṣókí.

"I am calling in respect of a delayed disbursement," ni Dádì Cypress wí.

Ẹ̀rọ ní kí wọ́n má bínú, òun ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Kò gbọ́. Wọ́n dìde dúró, wọ́n pariwo rẹ̀. Ẹ̀rọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ pààrọ̀ àdírẹ́sì ni.

"No! No! I said no!"

Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n ka àdírẹ́sì tuntun náà sétí òun.

Dádì Cypress pa fóònù. Òógùn ti bò wọ́n nínú AC. Màmá mi rọra gba fóònù lọ́wọ́ wọn. "Ẹ jókòó, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ̀rọ náà máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ Spanish kí ó tẹ méjì. Màmá mi tún nọ́ńbà náà pè, wọ́n sì tẹ méjì. Orin dún díẹ̀, ni obìnrin kan bá gbé e.

"¡Buenos días, señora!" ni màmá mi wí, bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní hotel cerrado, pé òtẹ́ẹ̀lì ti di títì. Wọ́n ní no trabajo, kò síṣẹ́. Wọ́n ní no dinero, kò sówó, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá, màmá mi ní Abẹ́òkúta. Ó béèrè bóyá Honduras nìyẹn wà.

Ibẹ̀ ni èdè ti tán lẹ́nu màmá mi, wọ́n bá na fóònù sí mi. Obìnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ìwádìí kékeré kan ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe, a sì parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo bojú wo Dádì Cypress, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n ti bínú. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí wọ́n fi yọ áńkáṣíìfù nu ojú.

"Ẹ̀rọ yẹn," ni wọ́n wí, "òun gan-an ni kí ìjọba rán lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin kíláàsì náà ló padà mú màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún aṣọ rán, wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́. A kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n má san owó mọ́. Mo rò pé kíláàsì náà á parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi yí i sí ti Saturday. Wọ́n ní ohùn bàbá olóyìnbó náà ti ń là díẹ̀díẹ̀.

Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, Dádì Cypress ló ń gbé wọn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ó yẹ kí ìjọba fi dandan mú àlejò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbí kò yẹ? Kò sí ẹni tó tíì yí èkejì lọ́kàn padà. Saturday tó kọjá, àríyànjiyàn náà gbóná débi pé wọ́n ré ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà kúrò lórí freeway kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ibi yí ọkọ̀ padà, kíláàsì ti túká.