Álíbọ́ọ̀mù Jàpáànù àti Ojú Ìyá Mi

Ìyá àgbà òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ní apátímẹ́ǹtì nítòsí ilé ìtajà ńlá Galleria ló fún mi ní álíbọ́ọ̀mù náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sílé àwọn arúgbó, wọ́n sì ń pín ẹrù rẹ̀ kiri. Ó ní bàbá àgbà òun ló rà á ní Jàpáànù láyé àtijọ́, pé irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tà fún àwọn àlejò kí wọ́n lè fi rántí ìrìn àjò wọn. Ẹ̀yìn álíbọ́ọ̀mù náà dúdú, ó ń dán. Inú rẹ̀ kún fún àwòrán tẹ́ńpìlì, adágún omi, afárá, àti òkè tí yìnyín bò lórí. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ ni wọ́n fi yà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan jókòó tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú ló ń tì mí láti kọ̀ ọ́. Kí ni èmi fẹ́ fi tẹ́ńpìlì ṣe? Ilé mùsùlùmí nilé wa ní Pearland, lókè òkun níbí. Mo fi aṣọ ìnura wé e, mo jù ú sẹ́yìn mọ́tò.

Nígbà tí mo gbé e wọlé, bàbá mi ló tú u. Ìgbà tí ìyá mi kú la mú bàbá wá láti Ìbàdàn, ìdí fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ìgbàgbé tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó lásán. Ó ní yóò máa le sí i ni, pé ó lè dọjọ́ kan kí wọ́n má mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo bínú sí dókítà yẹn bí ẹni pé òun ló fi ṣe wọ́n. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, n kì í dìde àfi tí wọ́n bá pe oríkì mi. Bí wọ́n bá ti pè é, ọkàn mi á balẹ̀ dọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n rí àwòrán wọ̀nyẹn, ahọ́n wọn tú. Fọ́tò ni wọ́n ń yà jẹun kí fọ́tò aláwọ̀ tó gbòde. Òwú àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni wọ́n fi ń kun aṣọ oníbàárà nínú fọ́tò. Wọ́n gbé afárá pupa kan súnmọ́ ojú.

“Ọwọ́ ni wọ́n fi kun èyí. Wo ibi tí pupa ti ṣàn kọjá igi afárá. Ẹni tó kùn ún ń kánjú.” Wọ́n ṣí òmíràn. “Òdòdó yìí dáa. Ó jẹ́ kí àwọ̀ àkọ́kọ́ gbẹ kó tó fi ìkejì lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó kùn ún ò débẹ̀ rí o. Wo sánmà, bákan náà ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń kùn.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọ́n wá ṣí tẹ́ńpìlì kan, wọ́n ní, “Èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi.” Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Tèmi náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ra ọ̀dà olómi àti búrọ́ọ̀ṣì fún wọn, torí ohunkóhun tó bá ń mú wọn sọ̀rọ̀, n ò ní fi dù wọ́n. Wọ́n kun gbogbo àwòrán inú ìwé ìròyìn. Àwọn olóṣèlú di ẹni tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n ní kí n gbé àwòrán ìyá mi wá.

Àwòrán kan ṣoṣo ló kù tí ìyá mi yà nígbà èwe wọn. Bàbá mi fúnra wọn ló yà á, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́. Mo ní rárá.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ní Saturday, mo máa lọ ṣe copy ẹ̀ ní mall. Copy yẹn lẹ máa kùn.”

Wọ́n yíjú sí ìwé ìròyìn wọn. Sátidé kò sì tíì dé tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí freeway ti gba gbogbo sùúrù ọwọ́ mi, tí mo bá wọn nídìí tábìlì. Férémù wà nílẹ̀. Wọ́n ti kun gèlè ìyá mi ní búlúù, wọ́n kun ìró wọn ní àwọ̀ obì. Ó dára, n ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ojú! Wọ́n ti sọ ojú náà di pupa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti òyìnbó. Láyé iṣẹ́ wọn, kò sí oníbàárà tó fẹ́ kí òun dúdú nínú fọ́tò. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ pupa, bàbá mi a sì fún wọn ní pupa. Ọwọ́ wọn ti gba ọ̀nà tó mọ̀. Ìyá mi ní tiwọn dúdú bíi kóró iṣin.

Mo figbe ta. “Bàbá, ta lẹ kùn yìí? Ìyá mi kọ́ nìyí! Ẹ ti bà á jẹ́!”

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo àwòrán. Wọ́n wá rẹ òwú sómi, wọ́n fún un gbẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú náà díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Pupa náà ṣí kúrò, ojú ìyá mi sì jáde lábẹ́ rẹ̀, kò bàjẹ́. Mo ní Alhamdulillah.

Bàbá mi fà mí lọ́wọ́, wọ́n ká apá aṣọ mi sókè, wọ́n tẹ́ apá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Àwọ̀ ìyá mi ni mo gbé wáyé, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n po ọ̀dà, wọ́n fi kan apá mi, wọ́n wò ó, wọ́n bu omi sí i, wọ́n tún fi kàn án. Nígbà tó bá a mu, wọ́n kun ojú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n dúró kó gbẹ, wọ́n fi ìkejì lé e.

Ìyá mi gan-an ló ń wò mí. Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń retí oríkì mi, èyí tí wọ́n pè láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwòrán náà lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ dìde, màdáàmù, ẹ má bínú,” ni wọ́n wí. “Ọmọṣẹ́ mi ló kánjú kùn ún. Ṣé ìyá yín ni?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Ẹ jọ wọ́n,” ni bàbá mi wí.