Káàdì Oníhò Kan

Ìyàwó mi ní kí n kàn fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ohùn tó ti ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí a ti dé Atlanta, kí n wá fi fóònù gbà á bí ẹni ń ya fọ́tò jọ̀lọ́ọ̀fù? Mo ní tí a bá máa ṣe é, a ó ṣe é dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, kò bá mi jiyàn. Ó mọ̀ pé n kì í fẹ́ nǹkan jákujàku, ó sì ti ń fara dà á tipẹ́.

Gẹ̀gẹ̀ ló yọ sí i lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì lòun náà, kò sí ohun tí dókítà sọ tí kò yé e. Dókítà ní ohun náà gbọ́dọ̀ kúrò, àmọ́ iṣan tó ń mú ohùn jáde gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Tí nǹkan bá ṣe iṣan yẹn, ohùn lè yí padà, ó sì lè lọ pátápátá. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń padà sí Ellenwood, ìyàwó mi ní orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń dun òun, nítorí ìyẹn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orin tí ìyá òun fi ń wẹ ọmọ ló ń dun òun.

Orin náà kò le rárá. Ẹni tó ń wẹ ọmọ á máa pe ẹ̀yà ara tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé: “Orí ńkọ́?” Àwọn tó jókòó tì í á dáhùn pé, “Á le.” Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ohùn á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wálẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ti kú, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ bí wọ́n ṣe ń lé e. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Hampton, sì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ọmọ yẹn ni ìyàwó mi ń rò.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì ohùn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ẹnu máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mi ní tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n tí mo bá ki máìkì bọ̀ ọ́, ńṣe ló ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Wọ́n ní ti inú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ lásán ló wà fún, pé ẹni tó bá fẹ́ kọrin gbọ́dọ̀ ra ti ìta, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ìyàwó mi fi ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ sétí, ó lé ìlà kan, ohùn rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń sín in jẹ lẹ́yìn. Ó yọ ọ́ kúrò létí. Mo dá a padà. Kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó kò tilẹ̀ dá ìkejì mọ̀ rárá. Mo dá ìyẹn náà padà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó ti ìwé kíkà àti fídíò wíwò. Káàdì tí eléyìí ń yìn, tọ̀hún ń bú u. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, èmi sì ń fi tèmi kún un ṣáá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ káàdì, mi ò ní wo ọrùn ìyàwó mi. Níkẹyìn mo mú oníhò kan, máìkì kan ṣoṣo ló ń gbà. Gbogbo wọn ló ní ìyẹn tó fún akọ́ṣẹ́ tó bá ń dá kọrin.

Ọjọ́ tó dé ni ilé ìwòsàn pè. Ẹnì kan ti yẹ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, kí ìyàwó mi wá gba àyè rẹ̀ ní Tuesday. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ìyàwó mi àti máìkì wọ inú closet, láàárín kóòtù òtútù àti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pa AC kí ariwo rẹ̀ má bàa wọlé. Ó bi mí pé níbo ni èmi máa jókòó. Mo ní ìta. Ó ní ta wá ni yóò gbè é? Mo ṣàlàyé pé ihò kan ni káàdì náà ní, pé tí ohùn mi tó dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ bá kó wọ inú tirẹ̀, kò ṣeé yọ mọ́. Mo ní kó lé e, kó fi àyè sílẹ̀, a ó wá àwọn olóhùn iyọ̀ nínú akọrin láti gbè é nígbà tó bá yá.

“Daddy, orin yìí kì í ṣe orin èèyàn kan.”

Mo jágbe mọ́ ọn pé kò sí àkókò. Ó lé e. Níbi tí ègbè wà, ó dákẹ́, ó tún tẹ̀ síwájú.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ohùn kò padà. Èémí lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, dókítà sì ní ká ṣì máa ní sùúrù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó dùn mí débi pé mi ò lè ṣí ohun tí a gbà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin wa bímọ. Ó gbé e wá kí ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé e. Ọmọbìnrin wa ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá. Mo fẹ́ kọ̀, ìyàwó mi sì mi orí pé kí n gbé e wá.

Ohùn rẹ̀ àtijọ́ kún ilé. Mi ò mọ̀ pé àárò rẹ̀ ti sọ mí tó bẹ́ẹ̀. “Orí ńkọ́?” Àyè tó fi sílẹ̀ fún ègbè tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ní orí ọmọ, ó ń retí ẹni tí yóò gbè é. Ohùn inú kọ̀ǹpútà tẹ̀ síwájú. “Ọrùn ńkọ́?”

“Á le,” ni mo dáhùn. Ohùn mi ya.

Ó gbé ojú sókè wò mí, omi kún un. Ó fi èémí tó kù fún un sọ̀rọ̀.

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wọlé sínú orin, Daddy.”

Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ, ó mú un dé èjìká.