Àwòrán Mi Lára Gíláàsì Ṣọ́ọ̀bù Aunty

Òórùn attachment tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ omi gbígbóná ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìdìrun Aunty ní Riverdale, nítòsí Atlanta. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra, lọ́dún tí yunifásítì kan ní Atlanta mú mi wá láti Ìbàdàn kí n máa sáré fún wọn. Òfin tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá má gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò ti yí padà nígbà yẹn: àwọn tá a jọ ń sáré ti ń polówó ọjà, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń gba bàtà, ẹnì kan tiẹ̀ gba mọ́tò, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí Aunty ní, "Jẹ́ kí n lẹ fọ́tò ẹ mọ́ gíláàsì mi, màá máa dìrun fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́," mo ti gbà kó tó sọ ọ́ tán. Wákàtí mẹ́fà ló fi di ti àkọ́kọ́, wẹ́wẹ́, ó gùn dé ìdí.

Lọ́sẹ̀ kejì, kóòṣì ní kí n lọ rí ọkùnrin tó ń mójú tó òfin àwọn eléré ìdárayá nílé ìwé wa. Ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Ó ní àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn lòfin tuntun yẹn wà fún. Fisà akẹ́kọ̀ọ́ tèmi ò fàyè gba iṣẹ́, iṣẹ́ sì ni ìpolówó.

"Yọ fọ́tò yẹn, kó o sì dá ohun tó o gbà padà, kí wọ́n má baà gba fisà ẹ."

Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá jágbe, ǹ bá rí nǹkan bá jà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi, báwo lèèyàn ṣe ń dá irun padà?

Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ dé Riverdale, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí látinú ìdánrawò àárọ̀. Aunty gbọ́ mi dópin, ó fi èékánná ṣí fọ́tò náà kúrò lára gíláàsì.

"Ẹ má bínú, ma."

"Kí lo ṣe? Jókòó, ká tú u."

Ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sùn lọ sórí orúnkún rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo fi irun kúkúrú sáré, mo ṣe ipò kejì. Yunifásítì gbé fọ́tò mi gàdàgbà sára pátákó lẹ́nu géètì pápá, wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì; ìyẹn ò lòdì sófin kankan.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní Lilburn, nítòsí Atlanta níbẹ̀ náà. Mi ò bínú sí ọkùnrin yẹn mọ́. Ohun tó ṣì máa ń rẹ̀ mí ni pé àwọn tó ṣòfin náà ò kórìíra irú wa tá a wá láti ilẹ̀ òkèèrè rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n ro tibí, wọ́n ro tọ̀hún, wọn kàn ò rántí pé a wà níbẹ̀.