Àmì Pupa Méjì Nínú Awò Ìbọn

Òórùn ni ó kọ́kọ́ ta mí lólobó. Bí mo bá ti ṣí àpótí ìbọn mi ní ibùdó ìyìnbọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Queens, ní Amẹ́ríkà, òórùn dídùn kan á rọra jáde, bí òórùn aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Òróró tí a fi ń tọ́jú ìbọn kì í rùn báyẹn. Tirẹ̀ sún mọ́ òórùn kẹrosíìnì. Èmi nìkan ni mo mọ nọ́ńbà àgádágodo àpótí náà, yàrá mi ni mo sì ń gbé e sí. Mo máa ń wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan kí n tó na ọwọ́ sí ìbọn náà.

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi àti ìyá mi sì jọ ń gbé ní Castle Hill, ní Bronx. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra ilé sí àdúgbò Laurelton. Èmi ra ìbọn. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ sí ibùdó náà lọ́jọ́ kan pé ká lọ fi najú, mo sì padà wálé bí ọmọdé tí wọ́n fi súìtì tọ́ lẹ́nu wò. Kí n tó mọ̀, mo ti kọ̀wé béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú, mo ti tẹ̀ka, mo ti dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì ti yan irú ìdíje tí mo fẹ́ máa bá wọn ṣe. Kábáìnì ni wọ́n ń pe irú ìbọn tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó kúrú ju ìbọn ọdẹ lọ, èjìká la sì ń gbé e lé, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ìléwọ́ ni ó ń jẹ. Nínú ìdíje rẹ̀, èèyàn á máa sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, á máa yìn ín lu àwọn páálí tí wọ́n gé bí ara èèyàn, aago á sì máa lé e kiri. Mo rò pé mo máa gbégbá orókè lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àlòkù ni ìbọn náà. Nígbà tí mo ń fọwọ́ síwèé ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tà á sọ fún mi pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó sùn nínú ilé àwọn. Mo ní kò burú, ta ni kò ní kú. Bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ wálé, mo pa rédíò, n kò sì mọ ìdí tí mo fi pa á.

Ìyá mi wo àpótí náà bí mo ṣe gbé e wọlé, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi sá sókè sá sódò kí ó tó rí ìwé wá bá mi láti Ìsẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò dúró dìgbà tí ìdíje ìgbà ìrúwé bá parí. Lẹ́yìn náà, ìbọn lọ tàbí òun lọ. Báàgì yẹn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ń ré e kọjá lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi kò tún gba iwájú yàrá mi kọjá, àfi kí ó fara ti ògiri òdìkejì.

N kò béèrè ìdí. Mo ṣáà gbà pé ẹ̀rù ìbọn ń ba àwọn àgbà. Ọdẹ ni bàbá mi, ó sì kú sínú igbó nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan yẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà, òun ni mo ń pè ní Bàbá. Ọdẹ lòun náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ń gbé fìtílà wọlé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, á fi ọwọ́ rọra yí orí mi sápá kan, kí iná náà má baà kọjú sí mi. Mo rò pé èéfín ló ń gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Di bí mo ṣe wà ní Amẹ́ríkà yìí, tí mo bá pè é lórí fídíò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti kíra tán báyìí, ohun tó kàn ni, “Pa iná tó wà níwájú rẹ yẹn.” Yàrá wa kọjú sí ògiri ilé kejì, kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó síbẹ̀ láìtan iná, ṣùgbọ́n mo máa ń pa á. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé Bàbá ń bá mi ṣọ́ owó iná láti Ìsẹ́yìn.

Ẹni tó bá mi to ìbọn náà jẹ́ ará Ìjẹ̀bú kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ó kọ́kọ́ ní kí n di ojú, kí n gbé ìbọn náà léjìká, kí n sì là á. Ibi tí ojú mi bá balẹ̀ sí ni yóò fi mọ̀ bóyá ó bá mi mu. Kò bá mi mu. Apá mi gùn, òfin ìpínlẹ̀ yìí kò sì gba irú ìdí ìbọn tí èèyàn lè fà gùn bó bá ṣe wù ú, nítorí náà a fi rọ́bà pẹlẹbẹ kún ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi ń bọ́ sójú ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn èyí ni ó de awò kékeré kan mọ́ orí rẹ̀. Tí èèyàn bá wò ó, á rí àmì pupa kan tí ń tàn láàárín awò náà; ibi tí àmì bá wà ni ọta gbọ́dọ̀ bá. A yí ṣúrù rẹ̀ síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, títí ọta márùn-ún fi wọ ojú ihò kan lára páálí. Mo mú páálí yẹn wálé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ìwé ẹ̀rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àmì náà ti di méjì.

Mo ṣẹ́jú, méjì ni. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan rọra ṣú ju èkejì lọ. Mo yìn ín, ọta lọ sápá òsì. Mo tún ṣúrù yí, mo pààrọ̀ bátìrì, mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, mo tú awò náà kúrò, mo tún un dè. Nígbà tó di Sátidé kẹta, ó ti burú sí i. Mo lọ yẹ ojú mi wò; dókítà ní ojú mi dára ju tòun lọ. N kò sọ fún Ọ̀gá, nítorí mo ti ń fọ́nnu níwájú rẹ̀ jù. Gbogbo ohun tó ṣe é tú lára ìbọn yẹn ni mo tú. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n fi aṣọ mímọ́ nu awò rẹ̀, èmi tí mo ń nu awò ojú àwọn arúgbó láàárọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀rù wá ń bà mí. Bí mo bá na ìbọn sí orí páálí náà, àwọn àmì méjèèjì á bọ́ síbi tí ojú ìbá wà gẹ́lẹ́, ká ní èèyàn ni. Páálí tí kò lójú á wá ní ojú pupa méjì, á sì máa wò mí. Bí èémí mi bá gbé ìbọn náà sókè, wọ́n á gbéra. Bí mo bá mí jáde, wọ́n á wálẹ̀, bí ẹni tí òun náà ń mí. Mo ronú kan ọkùnrin tó ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ lé ìbọn rẹ̀ jáde nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù sínú kí n tó ṣí àpótí, òórùn dídùn yẹn á sì tún jáde wá pàdé mi.

Ní Sátidé karùn-ún, Ọ̀gá rí i pé mo ń gbé ìbọn léjìká, mo sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ láìyìn ín.

“Kí ló ṣe ẹ́? Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀ o.”

“Àmì yẹn ti di méjì, Ọ̀gá. Ó ti tó oṣù kan. Mo rò pé òkú tó ni ìbọn yìí ló ń yọ mí lẹ́nu.”

Ó gba ìbọn náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó gbé awò náà sún mọ́ iná, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín pa á.

“Òkú wo? Olive oil rèé! Wò ó, cross ni ẹni náà yà sí i, àtàǹpàkò ló fi yà á. Ìyá ẹ ló ń gbé pẹ̀lú ẹ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Màmá ti anoint ìbọn fún ẹ. Ìyàwó èmi náà, kò sóhun tí ò fi òróró pa nígbà tí mo ṣì ń wa subway. Uniform mi, bàtà mi, títí dórí lunch box.”

Ìtìjú bá mi. Nọ́ńbà àgádágodo àpótí náà, ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo fi ṣe é. Mo rò pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ń bá obìnrin tó bí mi lọ́jọ́ náà gbélé.

Ìyá mi ń bó ẹ̀wà nínú omi nígbà tí mo délé. Inú mi dùn pé kì í ṣe iwin, mo sì fẹ́ fi ṣàwàdà.

“Màmá, òróró yín fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́. Láti oṣù tó kọjá, ojú pupa méjì ni mo ń rí nínú ìbọn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ta ló sọ kí ni fún mi, Màmá? Òróró tí ẹ fi pa awò yẹn ló sọ ó di méjì. Ó wá dà bíi pé ẹnìkan ń wò mí.”

Ó fa ọwọ́ yọ, kò nù ún, omi ń ro tó-tó-tó sílẹ̀.

“Mo rò pé awò yẹn ni ojú ìbọn náà. Mo fi òróró bò ó, kí ó má lè rí ọmọ èèyàn kankan láé. N kò mọ̀ pé ohun tí yóò fi hàn ọ́ nìyẹn. Olúwa, kì í ṣe ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn.” Ó jókòó. “Bí wọ́n ṣe rí bàbá rẹ nìyẹn. Àwọn méjì ló wọgbó, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Èkejì so iná mọ́rí. Ó ní ojú pupa méjì bíi ti ẹran lòun rí nídìí igi, òun ò rí nǹkan mìíràn. Ó yìn ín. Ìgbà tó débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló bá.”

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni bàbá mi ní láyé.

“Ó ju ìbọn rẹ̀ sódò,” ìyá mi ní. “Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èmi aya àbúrò rẹ̀. Mo ní kó dìde, kó lọ tọ́ ọmọ. Mo sì ṣèlérí fún un pé o ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà ayé rẹ̀. Ojú bàbá rẹ ni Ọlọ́run gbé lé ọ lórí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá bọ́ sí i báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè wò ó.”

Inú bí mi, àánú ṣe mí, ojú sì tì mí fún gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi owó iná ṣe. N kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn. A jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀wà yẹn fi wú nínú omi.

Mo padà sí Queens lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo nu awò náà mọ́ tónítóní, mo gbé ìbọn léjìká, àmì kan ṣoṣo ni mo rí. Ọta márùn-ún wọ ojú ihò kan. Síbẹ̀, kí n tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé mo ń dúró de àmì kejì, mo sì ń wá a kiri lójú páálí náà. Mo gbé ìbọn náà padà fún ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi tú báàgì rẹ̀, ó ń kó aṣọ rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń bá a na háńgà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pa iná kí n tó pe Bàbá. Ó yọ lójú fóònù pẹ̀lú fìlà rẹ̀, a kíra, ó sì la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Ó rí i pé kò sí iná tó kù tí mo máa pa. Mo ń gbọ́ àwọn adìyẹ rẹ̀ nínú àgbàlá. Òjìji mi nìkan ni yóò máa rí. Ó wá pe orúkọ kan wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà nílé. Kì í ṣe orúkọ mi. Orúkọ bàbá mi ni.

Mo lè sọ fún un pé èmi ni, pé kì í ṣe bàbá mi. Ìyá mi ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo dáhùn, “mo wà níbí.”

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun.”

Ọdún mélòó kan ti kọjá lórí ìyẹn. N kò tíì sọ fún un pé mo mọ̀, òun náà kò sì bi mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà dára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò tún sọ fún mi mọ́ pé kí n pa iná. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti mú fóònù lọ́wọ́, ìyá mi á dìde lórí àga rẹ̀, á sì lọ pa iná.