Ìdánwò Nimia, Ọmọ Oníchipa

Ní ìlú Capiatá ni wọ́n bí Nimia sí, níbi tí Ña Eulogia ìyá rẹ̀ ti ń ta chipa, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, nínú bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tó wu ọmọ náà ni kó máa já wọ kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá bẹ̀ ẹ́, kó lè fi ibi tí olè lè gbà wọlé hàn wọ́n kí olè tóó dé. Ìwé-ẹ̀rí ló kù. Ìdánwò rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ká fagi sí ìdáhùn tó tọ́: wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà mélòó kan síwájú èèyàn, wọ́n á ní kó já wọ̀ wọ́n, kó sì kọ ìròyìn bó ṣe wọlé.

Nígbà àkọ́kọ́, Nimia já wọ gbogbo wọn, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi. Ìròyìn tó kọ ló kó bá a: kò ṣàlàyé bó ṣe wọlé.

Wilfrido ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Olè tí kò mọ bí òun ṣe jalè! Irú olè wo nìyẹn?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ìyá wọn gbé tereré rẹ̀, omi ewé tútù tó máa ń mu, wá jókòó tì í. "Ó yá, sọ bí o ṣe wọlé fún mi."

"Màámi, kò lè yé yín."

"Bí kò bá yé mi, o ò tíì sọ ọ́ dáadáa nìyẹn."

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Nimia á máa dánra wò, ìyá á máa po ìyẹ̀fun, á máa da ìbéèrè bò ó.

"Dúró ńbẹ̀! Ta ló fún ọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn?"

"Wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí gbangba ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Padà sẹ́yìn."

Nimia á fajú ro, á sì tún un kọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, tó ń ṣe látilé, ooru mú bí iná. Kọ̀ǹpútà kan kọ̀ jálẹ̀. Nimia bá a wọ̀yá ìjà títí ó fi sú u, ló bá lọ wẹ̀. Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì rí i: ibi tí wọ́n ní kéèyàn máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí kò yẹ nǹkan kan wò, ohunkóhun téèyàn bá fún un ló ń gbà. Ó wọlé. Ó fò sókè, àga ṣubú. Lẹ́yìn náà ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ, bí ẹni ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

Inú bọ́ọ̀sì ni èsì bá a, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ gbé agbọ̀n.

"Màámi, mo ti yege!"

Ña Eulogia kígbe. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn! Ọmọ mi lè já wọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni nínú yín!"

"Ña Eulogia, ṣé ká sá ni?" awakọ̀ bi í.

"Ẹ má sá. Ẹ jẹ chipa. Ọ̀fẹ́ ni lónìí!"

Ni gbogbo bọ́ọ̀sì bá pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Asunción tí bọ́ọ̀sì ń lọ, agbọ̀n ti ṣófo.