Ìwé Tí Mo Fi Pamọ́ Nígbà Tí Físà Ọkọ Mi Fẹ́ Parí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú rẹ̀. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ àwọn ọmọ mi sára ìwé iléèwé wọn lọ. Ẹnu mi kì í sì í yá láàárín èèyàn. Bóyá ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ náà nìyẹn, torí n kò lè fẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù obìnrin mìíràn pè mí. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tó ti wà ní Ìlú Ọba nígbà náà. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe kó tó lọ, irin náà ló sì ń jó níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ló gbà á, àwọn ló sì jẹ́ kó rí físà tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Èmi, àwọn ọmọ wa méjì àti ìyá rẹ̀ wà ní Ṣàgámù, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ kó tó kú. Èmi àti ìyá ọkọ mi ń ṣa obì fún àwọn alájàpá tó ń kó o lọ sókè Ọya, ṣùgbọ́n obì kì í wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ohun tí ọkọ mi ń fi ránṣẹ́ la fi ń rán àwọn ọmọ níléèwé, òun náà la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Ká má tan ara wa, òun ló gbé ilé náà ró.

Físà yẹn ló fẹ́ parí. Kí ó tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé àwọn ṣì fẹ́ ẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n tó kọ ọ́, àwọn fẹ́ tún rí gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹyọ kan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fún un nígbà tó yege nínú ìdánwò iṣẹ́ wẹ́dà. Ilé ló gbàgbé rẹ̀ sí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ọjọ́ náà bá kọjá kó tó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, wọn á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní sí ohun mìíràn tó lè ṣe ju kó di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ nílé.

Àsìkò náà gan-an ni fóònù rẹ̀ bọ́ sómi. Kò fẹ́ ra òmíràn títí yóò fi san owó fọ́ọ̀mù. Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ibi iṣẹ́ wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Òun ló ń bá a kọ fọ́ọ̀mù náà, fóònù rẹ̀ sì ni ọkọ mi ń yá lò. Tó bá ti pè lórí Wasáàpù, àwòrán obìnrin yìí ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ó wọ kóòtù pupa, yìnyín funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò, ohùn ọkọ mi ni mo ń gbọ́.

“Ìyá ọmọ mi,” ọkọ mi wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, “ìwé yẹn wà nínú báàgì dúdú tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ya fọ́tò ẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí.”

“Nọ́ńbà wo?”

“Èyí tí mo fi pè ẹ́ yìí náà.”

“Ṣé kò sí nọ́ńbà ọkùnrin kankan tí mo lè fi ránṣẹ́ sí níbẹ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, ó pe orúkọ ọkọ mi, ó ní kó sọ fún mi kí n tètè ṣe é. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè, ketekete. Ọdún méje tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yẹn, n kò fi orúkọ náà pè é rí. Bàbá wọn ni mo ń pè é. Òótọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé orúkọ ni gbogbo wọn fi ń pe ara wọn níbẹ̀, títí kan ọ̀gá àgbà wọn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó rí ìwé náà. Mo wò ó, mo wo fọ́tò ọkọ mi kékeré tó wà lára rẹ̀, mo sì ki ìwé náà sínú àpótí mi, láàárín káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Nígbà tó tún pè lọ́jọ́ kejì, mo ní n kò tíì rí i. Mo rò pé bí kò bá rí ìwé yẹn gbà lọ́dọ̀ obìnrin náà, á wá ọ̀nà mìíràn, á ra fóònù, á sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n mi ṣe pọ̀ tó nígbà náà.

Ohun tó tún wá bà mí nínú jẹ́ ni pé gbogbo ilé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń pè é ní Àǹtí Kóòtù Pupa. Ó ní kí n ra irú kóòtù náà fún òun, mo ní kó lọ wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni. Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa obì lọ́wọ́, ó ní kí ọmọ òun gbé e fún obìnrin náà.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ṣeun. Ṣé o ti relé ọkọ?”

“Rárá o, mà. Ẹ máa fi mí sádùúrà.”

“Ọkọ gidi á wá ẹ wá. Ọdún yìí náà ni.”

“Àmíììn, mà.”

Àmín yẹn gùn jù létí mi. Ìyá dá fóònù padà fún mi. Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” mo sì ju obì tó dára sáàárín àwọn tí kòkòrò ti jẹ. Ìyá nawọ́, ó mú un padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkọ mi ti ń lọ sílẹ̀ lórí fóònù. Ó bi mí bóyá mo wá a dáadáa, mo ní mo wá a dáadáa. N kò parọ́, mo wá a lóòótọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, ìyá ní òun ò lè jókòó máa wòran, òun á lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọmọ òun níṣẹ́ ní Òde Rẹ́mọ, bóyá ó lè kọ ìwé mìíràn. Mo wò ó bó ṣe ń wé gèlè.

Kò bá ọ̀gá náà ní Òde Rẹ́mọ, wọ́n ní ó ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Ìlárá. Ìyá arúgbó gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ní òun lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n lẹ́tà òun kò lè dúró bí ìwé ìjọba. Ọwọ́ òfo ni ìyá fi padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Mo gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, mo da iyọ̀ sí i, mo sì kúnlẹ̀ láti bá a wẹ ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò mẹ́nu ba ìwé.

“Ìyàwó mi, ìgbà tí bàbá ọkọ ẹ mú ìyàwó kejì wá, iṣẹ́ obì tí mò ń ṣe náà ló ní kó máa ṣe. Ọmọ oko ọ̀nà jíjìn ni, kò mọ obì rárá. Kò mọ̀ pé wọ́n máa ń pààrọ̀ ewé inú apẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo yẹ kí n sọ fún un. Mo dákẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń kọjá níbi apẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀, mo sì ń dákẹ́.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀, mà?”

“Ó jẹrà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, a ò rí ẹyọ kan mú níbẹ̀. Owó obì yẹn ni bàbá wọn fẹ́ fi rán ọkọ ẹ lọ sí pólì. Bó ṣe dẹni tó ń jó irin nìyẹn. Ó rò pé bàbá òun ni kò fẹ́ kí òun kàwé. Mi ò sọ fún un rí.” Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. “Dà á nù, ó ti tutù.”

Mo gbé abọ́ náà jáde, mo dúró sẹ́yìnkùlé. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé òun ló gbé ọmọ mi kékeré lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ mú káàdì nínú àpótí mi.

N kò bi í títí di òní bóyá ó rí ìwé náà níbẹ̀, kò sì sọ. Ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ti ra fóònù tirẹ̀. N kò mọ̀ bóyá nǹkan kan wà láàárín òun àti obìnrin yẹn rí tàbí kò sí. N kò bi òun náà. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, bóyá nínú ọkọ̀ ni o, bóyá nínú ṣọ́ọ̀bù ni, ọkàn mi á sì tún gbóná bíi tìgbà yẹn. Owú náà kò tíì fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí ni iye èèyàn tó ń jẹun láti inú apẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́ kó jẹrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo wẹ ẹsẹ̀ ìyá, nígbà tó ń kírun lọ́wọ́, mo mú ìwé náà kúrò nínú àpótí. Mo tẹ́ ẹ sórí pèpéle níta, mo fi òkúta kéékèèké tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ya fọ́tò rẹ̀ kó tó hàn. Mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà obìnrin náà, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà látọjọ́ yìí. Ẹ má bínú.” Lẹ́yìn náà, mo wọlé lọ gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kaná.