Irin Tí Mo Fi Se Omi fún Ìyá Mi

Ìyá mi kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi ní Ailegun tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ padà sí Èkìtì. Orúnkún ló fà á. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, ẹ̀rù gáàsì sì ń bà wọ́n. Mo bá ra irin oníná tí a ń kì bọ omi láti sè é. Àmọ́ baba onílé ti ṣòfin pé ohun tó bá ju ẹgbẹ̀rún wáàtì lọ kò gbọ́dọ̀ wọ ilé àwọn, nítorí fíúùsì kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò.

Kò sí nọ́ńbà kankan lára irin náà. Àwọn ayálégbé ní kí n dá a padà sí ọjà Bọ́ládé tí mo ti rà á. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fisíìsì ní Ìsọlọ̀! Mo gbé mítà tí a fi ń wọn iná jáde lójú gbogbo wọn àti baba onílé. Fóltéèjì, ọgọ́jọ. Iná tí irin ń fà, ámpíà mẹ́rin. Mo sọ ọgọ́jọ di ìlọ́po mẹ́rin, ó jẹ́ wáàtì ẹgbẹ̀ta lé ogójì.

"Daddy, ṣé ẹ rí i? Kò tiẹ̀ sún mọ́ thousand."

"Tíṣà, èmi ò mọ ìwé yẹn o. Ṣé o ti ní no problem? Oya, máa lò ó fún Màmá."

Mo gbé àyà sókè wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná dé, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mo ki irin bọ omi. Ká tó wí ká tó fọ̀, fíúùsì ti jó. Gbogbo ilé ń pariwo "Tíṣà! Tíṣà!" kí n tó rántí ohun tí mo máa ń torí ẹ̀ bú àwọn ọmọ kíláàsì mi: fóltéèjì lè yí padà, ìdènà inú irin ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Hááfù kọ́rẹ́ǹtì ti mọ́ wa lára débi pé mo ka ọgọ́jọ sí iná gidi. Pín ọgọ́jọ sí mẹ́rin, ìdènà irin náà jẹ́ ogójì óòmù. Bí fóltéèjì bá wá pé igba lé ogójì bó ti yẹ, ámpíà mẹ́fà ló máa fà. Wáàtì egbèje lé ogójì nìyẹn!

Ojú tì mí gan-an. Ìyá mi ti ń ká aṣọ sínú báàgì nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́ fún baba onílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Tó bá jẹ́ half current lo fi ń sè é ńkọ́?"

"Kò ní jó fíúùsì, sà."

"Ehn, ṣebí òun náà ló pọ̀ ládùúgbò wa!"

Bó ṣe di pé ìrọ̀lẹ́ tí iná bá ń ṣe báìbáì ni mò ń se omi nìyẹn, tí mo bá ti fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ṣẹ́ kù á wọ fúláàsì di àárọ̀. Kì í tètè hó rárá. Ìyá mi á gbé àpótí jókòó sí kọ́rídọ̀, àwọn obìnrin ilé á bá wọn jókòó, ará Ọ̀yọ́ kan á máa sín ohùn Èkìtì wọn jẹ, wọn á jọ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo ra irin tuntun, wọ́n kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún wáàtì sí i lára. Ìyá mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà fún mi.

"Mi ò fẹ́. Bí omi bá tètè ń hó, ìgbà wo la ó máa sọ̀rọ̀?"